Aṣọ Tí Bàbá Sàlámì So Mọ́ Ẹ̀rọ

District Heights,
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Àyọ̀ká mi, ọmọ ìyá rẹ̀ tòótọ́,

Má jẹ́ kí àyà rẹ já nígbà tí o bá rí bí páálí yìí ṣe wúwo. Kò sẹ́ni tó kú. Ara bàbá rẹ yá, èmi náà ń jẹun. Ohun kan wà lábẹ́ lẹ́tà yìí tí mo fi aṣọ wé. Má tíì tú u. Kà mí tán ná.

Mo mọ̀ pé kíkà Yorùbá kì í yá ọ lára. Kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí o wà ní ilé kéú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá há ọ lọ́fun, pè mí. Má gbé e lọ bá Bàbá Sàlámì pé kí ó bá ọ túmọ̀ rẹ̀ o, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí o pè lánàá, inú mi kọ́kọ́ dùn débi pé mo ní kí bàbá rẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi, tí kò tíì pé ọdún kan níbi iṣẹ́, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lórí ènìyàn méjìlá ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí ní Pẹnsilfẹ́níà! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi díẹ̀. Ìgbà tó yá lo wá rẹ ohùn sílẹ̀. O ní bàbá kan wà lára àwọn tí o ń bójú tó, Bàbá Sàlámì, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. O ní ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó fi ń gé páálí, pé bí ilẹ̀kùn yẹn kò bá padé, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Bàbá wá fi aṣọ so irin tó máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé ilẹ̀kùn ti padé, kí ẹ̀rọ lè máa gé nìṣó nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọwọ́ òun náà sì ń wọlé ń jáde.

Mo bi ọ́ pé, “Ṣé o bá a sọ̀rọ̀?”

O ní, “Mommy, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ó ju Daddy lọ. Every morning ló ń ṣàdúrà fún mi. Tí mo bá write him up, wọ́n lè ní kó máa lọ. Tí mo bá sọ fún un, á ní mo ti ń ṣe ọ̀gá lé òun lórí.”

“Kí lo wá ṣe?”

“I just walked past. It's fine, Mommy. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ ohun tó ń ṣe.”

Àyọ̀ká, o sọ gbólóhùn yẹn tán, o sì ń retí èsì mi. O rò pé láínì ló já. Láínì kò já. Ìyá rẹ ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, èyí tí o mọ̀ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Bàbá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ọmọ yẹn ti di engineer. Kí lo fẹ́ kọ́ ọ nípa ẹ̀rọ?” Mo ní kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Mo ní ohun tí mo ti fi pamọ́ fún un láti ọjọ́ yìí wá ni mo fẹ́ sọ. Ó wò mí, ó mọ ohun tí mò ń wí, ó sì lọ wá bírò fún mi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tèmi rèé.

Ní ọdún kejì tí a dé ìlú yìí, ilé ìwé girama lo wà. O ò mọ ohun kan nípa iṣẹ́ mi ju pé mo máa ń wọlé pẹ̀lú òórùn ọṣẹ lára. Láti Suitland ni mo ti ń wọ réluwé dé Greenbelt, kí n tún tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Beltsville, sí ilé ìfọṣọ kan tí wọ́n ti ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àwọn ọsibítù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ṣíìtì níbẹ̀ gùn ju pálọ̀ wa lọ. Ènìyàn méjì ló ń dúró síwájú rẹ̀. Kálukú á di etí kan ṣíìtì mú, wọn á jọ nà án, wọn á sì jọ kì í sáàárín àwọn róólà gbígbóná.

Ẹni tí wọ́n fi mí tì ni ìyá aláwọ̀ funfun kan tó ń lọ sí àádọ́rin ọdún. Helen ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan àwọn ọmọ ogún ọdún. Èmi ò lè la ẹnu pe ẹni tó tó ìyá mi lórúkọ lásán. Màmá Helen ni mo ń pè é. Ọ̀gá wa tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ìyá ọkọ mi ni.

Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbọn ṣíìtì kí n tó nà án. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àpótí kí ẹ̀yìn má baà dùn mí. Bí mo bá gbàgbé oúnjẹ mi sílé, á ya búrẹ́dì tirẹ̀ sí méjì, á ní, “Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹ̀. Jẹ ẹ́.” Mo fẹ́ràn ìyá yẹn, mi ò ní purọ́.

Ọ̀pá irin kan wà níwájú àwọn róólà náà. Bí ọwọ́ ènìyàn bá kàn án, ẹ̀rọ á dúró lójú ẹsẹ̀. Màmá Helen ti ń lọ́ra díẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń kan ọ̀pá yìí léraléra. Ẹ̀rọ á dúró, ṣíìtì tútù á pọ̀ sẹ́yìn wa, ọ̀gá á sì máa wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ká táwẹ̀lì kékeré kan, ó fi há ọ̀pá náà kí ó má lè mira mọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rí i, nítorí èmi nìkan ni mo wà ní apá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo wá rò ó pé ta ni èmi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tí n ó máa kọ́ ìyá tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó bí ọ. Nílé wa, bí àgbà bá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọdé kì í sọ ọ́. A ó jẹ ẹ́, a ó mu omi lé e. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo di etí ṣíìtì tèmi mú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ṣíìtì wé mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì dúró. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ. Ìka mẹ́ta ló lọ.

Ọ̀gá kó wa jọ, ó bèèrè ẹni tó fi táwẹ̀lì há ọ̀pá. Mo sọ ojú sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé kí a máa ṣe bí ẹni tó wà lókè wa bá ń báni wí. O ti mọ̀ pé ní ìlú yìí, ẹni tó bá sọ ojú sílẹ̀ ti jẹ̀bi. Ó ní kí n máa lọ sílé títí òun á fi pè mí. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Màmá Helen ti ní kí wọ́n bá òun tẹ ọ̀gá láago. Ó ní òun ni òun fi táwẹ̀lì há a, kí wọ́n dá ọmọbìnrin yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìrora tó wà, èmi ló rántí.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, mo se mọ́ínmọ́ín, bàbá rẹ sì wà mí lọ sí ilé rẹ̀ ní Baltimore ní ọjọ́ Sátidé kan. Ilé náà tóóró, ó fara ti ti aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì. Ó jókòó sí ibi wíńdò, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bándéèjì lórí ìrọ̀rí. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má ba ṣòkòtò mi jẹ́. Ó wá bi mí léèrè.

“O rí táwẹ̀lì yẹn, àbí?”

“Mo rí i, Mà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Ẹ jù mí lọ, Mà.”

Ó ní, “Ǹ bá bínú sí ọ. Mo mọ ara mi. Ǹ bá bínú sí ọ fún ọjọ́ méjì, ìka mi ì bá sì pé mẹ́wàá.”

Kò pariwo. Ó ṣe bí ẹni ń sọ iye ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀ débi pé òun ló wá ń bẹ̀ mí. Ìgbà yẹn ló ní kí n ṣí dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná òun, kí n mú ọ̀bẹ kan jáde, ọ̀bẹ kékeré tí igi èkù rẹ̀ ti jẹ dé àárín. Ọ̀bẹ ìyá rẹ̀ ni, ó sì fi ta mí lọ́rẹ. Òun náà lo máa rí nínú aṣọ tí mo ní kí o má tíì tú.

Ìyá Helen jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Pólàǹdì wá sí Baltimore. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi tòmátì sínú agolo ló bọ́ sí. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ bó tòmátì tí wọ́n ti fi omi gbígbóná rọ̀, lórí ìdúró, nínú omi tó dé kókósẹ̀. O mọ bí omi tòmátì ṣe máa ń ta ènìyàn bí ọwọ́ bá ní egbò. Tiwọn kì í jinná, nítorí ilẹ̀ á mọ́, wọn á tún padà síbẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń wé mọ́ ìka. Bí àkókò tòmátì bá kásẹ̀, wọn á kó gbogbo àdúgbò, tilé toko, lọ já ẹ̀wà lóko olóko. Bàbá Helen wà ní ilé iṣẹ́ irin ní tirẹ̀. Kí ó tó fẹ́ ìyàwó, yàrá kan ni òun àti ọkùnrin méje ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí àwọn mẹ́rin bá dìde lọ síbi iṣẹ́, àwọn mẹ́rin tó wọlé á sùn sórí ibi tí kò tíì tutù.

Mo gbọ́ èyí, Àyọ̀ká, mo ní ó dà bíi pé wọ́n ń ka ìtàn àwọn ènìyàn wa fún mi. Àwọn náà ní ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ á gbé ọbẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá kú, ẹgbẹ́ á sin ín, kí ó má baà di òkú ìgboro ní ìlú onílùú. Nínú ọwọ́ jíjẹrà yẹn ni wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n tún rán ọmọ níwèé. Orí mi wú fún wọn. Títí di òní, bí mo bá ṣí agolo tòmátì, mo máa ń dúró díẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti garawa. Obìnrin Pólàǹdì wà nínú ilé iṣẹ́ yẹn, ti Bòhémíà wà níbẹ̀, ti Ítálì wà níbẹ̀, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Wọ́n wá dá àṣà kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu, ìbáà ṣe omi gbígbóná tó fẹ́ dànù, ìbáà ṣe etí aṣọ ẹnì kan tó fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ, á fi ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lu garawa tòmátì lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo wọn á dúró. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá Helen débẹ̀, ó rí i tí ṣọ́ọ̀lù ìyá arúgbó kan tó jẹ́ olórí tábìlì wọn ń wọ́ lọ sínú bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ó lu garawa. Ìyá náà fa ṣọ́ọ̀lù rẹ̀ yọ, ó bú u dáadáa pé ó dá iṣẹ́ òun dúró, ó bú u tán, ó sì bu búrẹ́dì fún un ní ọ̀sán.

Mo bi Màmá Helen pé, ẹ̀yin tí ẹ mọ èyí, kí ló dé tí ẹ fi táwẹ̀lì há irin? Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mo ti ń falẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní kí n lọ sinmi, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ilé ṣe.”

Ó ti di olóògbé báyìí. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi àti òun la sì jọ jìn sí i. Jẹ́ kí n wá sọ tìrẹ fún ọ.

Èkíní: ọ̀wọ̀ kì í ṣe dídákẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o kúnlẹ̀, kí o má wo àgbà lójú, kí o má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti kọ́ ọ ní apá kejì, nítorí pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàbá Sàlámì ń bá ọ nawọ́ sí pẹpẹ ní àràárọ̀ pẹ̀lú àdúrà. Ibi tí ìwọ náà máa ti bá a ki ọwọ́ bọ kèrègbè nìyí.

Èkejì: má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kí o tó fi sí i létí. Dé ṣáájú àwọn yòókù. Kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe kọ́ ọ, má tijú àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn náà, dìde, pa ẹ̀rọ náà, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ tú aṣọ yẹn níṣojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, nítorí náà wá ọ̀rọ̀ tó dùn. Sọ pé, “Bàbá, mo ṣì ń fẹ́ kí ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì gbàdúrà fún mi.” Bí ó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú. Ọjọ́ méjì ni.

Bí ó bá tún un so, kọ ọ́ sínú ìwé. Sunkún bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kọ ọ́. Mo mọ̀ pé èyí le.

Ẹ̀kẹta, èyí tó sì wà lọ́wọ́ rẹ tí kò sí lọ́wọ́ tèmi nígbà náà: ìwọ lọ̀gá. Ènìyàn kì í so irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ti ń falẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé ìwọ gan-an, ọmọ tó ń gbàdúrà fún, ni yóò ka iye páálí rẹ̀. Wá iṣẹ́ tó ń fẹ́ ojú ju ọwọ́ lọ fún un. Jẹ́ kí ó máa yẹ èyí tí àwọn ọ̀dọ́ bá gé wò, kí ó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tìrẹ lókè, gbé ojú sókè nígbà tí o bá ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń sọ ojú sílẹ̀.

Mi ò mọ ẹ̀kelòó ni mo dé báyìí, ṣùgbọ́n ti ilé tí o háyà náà wà. O ní ó tóóró bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ògiri rẹ̀ ń rùn bí èéfín àtijọ́. Má fojú di ilé yẹn. Ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ lo sọ fún mi. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin mẹ́jọ ti sùn nínú yàrá tí ìwọ nìkan fi ń sùn, kí wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí ìyá wọn níbẹ̀. Gbá a dáadáa, kí o sì máa kírun rẹ níbẹ̀.

Ó yá, tú aṣọ náà báyìí. Má fi ọ̀bẹ yẹn gé nǹkan kan o, kò mú mọ́. Gbé e sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ. Bí àwọn méjìlá yẹn bá bi ọ́ ohun tó jẹ́, sọ ti garawa fún wọn, kí o sì sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lè lu garawa fún ìwọ náà.

Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n sọ pé òun ló wá bírò.

Nígbà tí o bá ti tú aṣọ náà kúrò lára ẹ̀rọ, má kọ̀wé sí mi, pè mí. Fún Bàbá Sàlámì ní fóònù. Sọ fún un pé ìyá rẹ fẹ́ kí i, kí ó fi ọwọ́ tó fi ń ki páálí bọ ẹ̀rọ yẹn dì í mú. Mo fẹ́ bi í bóyá ìka rẹ̀ pé, kí n sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ó pé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan.